Bí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ṣe lè dín owó iná ilé kù láì fìyà jẹ ara rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo yà sọ́dọ̀ ìyá mi, mo bá wọn nínú òkùnkùn biribiri. Mo rò pé iná ti lọ ni. Wọ́n ní rárá, àwọn làwọn pa á. Bíìlì tó dé lóṣù yẹn ti gbé ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìfẹ̀yìntì wọn lọ, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn ò ní í tan gílóòbù mọ́ àfi tí àlejò bá dé. Mo tẹ súìsì, pálọ̀ mọ́lẹ̀. Gílóòbù wáàtì 9 ni. Nígbà tí mo wọ balùwẹ̀ lọ fọwọ́, mo rí iná pupa kékeré kan lára ẹ̀rọ amómigbóná, ó ranjú mọ́ mi. Ẹ̀rọ wáàtì 2000 ni, wọn kì í pa á tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá mi ń wẹ̀ lójúmọ́.

Ó dùn mí wọra. Ẹni tó fi ọdún 35 sin ìjọba wá jókòó sínú òkùnkùn nítorí gílóòbù, ohun tó ń jẹ owó wọn gan-an sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin òbí wa tó ti fẹ̀yìn tì, àti fún àwọn ọmọ tó ń bá wọn gbé bùkátà. Bí ẹ ti ń kà á lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ló ń jẹ iná. Ohun tó kàn ń tàn, tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń kọrin, díẹ̀ ló ń jẹ. Níbi tí iná ti ń ṣòfò ni ká ti gé e, kì í ṣe lára àgbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín

Yúníìtì ni wọ́n ń tà fún wa. Ohun èlò tó jẹ́ wáàtì 1000, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ló jẹ yẹn. Lórí bíìlì, kWh ni wọ́n ń kọ sí i lára. (Orúkọ James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó mú ẹ̀rọ onísítíìmù sunwọ̀n sí i, ni wọ́n fi sọ wáàtì.)

Ẹ yí ohun èlò yín padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí àkọlé kékeré kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, lẹ́tà W á sì tẹ̀ lé e. Ẹ fi iye wákàtí tí ẹ ń lò ó lójúmọ́ sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1000 pín in. Gílóòbù ìyá mi, wáàtì 9, tó bá tàn fún wákàtí 5 lálẹ́, ó di 45, nínú 1000 tó ń pé yúníìtì kan. Ìyẹn ni pé á tàn fún bí alẹ́ 22 kó tó jẹ yúníìtì kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ amómigbóná wọn, wáàtì 2000, á jẹ yúníìtì kan náà láàárín ìdajì wákàtí. Tó bá ṣe wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ iná tí gílóòbù yẹn á fi tàn fún alẹ́ 44.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò kan wà tó ń pa ara wọn tó sì ń tan ara wọn: fíríìjì, amúlétutù, áyọ́ọ̀nù. Wọn kì í jẹ gbogbo wáàtì tó wà lára àkọlé wọn ní gbogbo ìgbà. Tiwọn, mítà ló lè sọ òótọ́ rẹ̀ fún wa.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jókòó ti mítà

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbi yìí, torí òun ni ìyókù dúró lé.

Lára ọ̀pọ̀ mítà ìgbàlódé, iná pupa kékeré kan wà tó máa ń ṣẹ́jú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi «1000 imp/kWh». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé á ṣẹ́jú ní ìgbà 1000 kí yúníìtì kan tó pé. Ẹ gbé àga síwájú mítà, ẹ má ṣe dúró lórí ìdúró, kí ẹ sì mú aago tàbí fóònù dání. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbà tó ṣẹ́jú àti ìgbà tó tún ṣẹ́jú. Ẹ fi iye yẹn pín 3600. Ohun tí ẹ bá rí ni iye wáàtì tí gbogbo ilé yín ń jẹ ní ìṣẹ́jú yẹn. Tó bá jẹ́ 1600 ló wà lára mítà tiyín, 2250 ni kí ẹ pín. Tó bá jẹ́ 800, 4500 ni. Mítà àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí ò ní iná tó ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ lè wo àmì dúdú tàbí pupa tó wà lára àwo náà bó ti ń yí kọjá: bó bá ṣe ń sáré sí ni iná ṣe ń lọ sí.

Èmi àti ìyá mi ṣe é pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn ń wo mítà, èmi ń wo aago. A ti pa gbogbo nǹkan, ó ku fíríìjì nìkan. Wọ́n ní, «Ó tàn!» Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka 10, mo ka 20, nígbà tí mo dé 30, wọ́n tún pariwo pé, «Ó tàn!» Wáàtì 120 nìyẹn. Mo wá lọ tan ẹ̀rọ amómigbóná. Kí n tó padà dé ìdí mítà, mo ti ń gbọ́ ohùn wọn: «Ó tàn. Ó tàn. Ó tàn.» Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìyá mi dákẹ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n fi í pa dà, wọ́n tún wò ó. Láti ọjọ́ náà, n kò bá wọn jiyàn kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, mítà ti bá mi sọ ọ́.

Ẹ dán ohun méjì wò nídìí mítà yín.

Èkíní: ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé fún ìṣẹ́jú 10, títí kan fíríìjì, kí ẹ sì yọ wáyà wọn kúrò lára ògiri. Iná mítà yẹ kó dúró, yálà kó kú pátápátá tàbí kó tàn gbirin láì ṣẹ́jú. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ ti gbàgbé nǹkan kan níbìkan, tàbí kí wáyà kan máa jo iná dànù, tàbí kí ẹlòmíràn ti fa wáyà mọ́ tiyín. Mo ti rí i tí bàbá kan ń sanwó iná yàrá kan tó ti yá onílé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí kò mọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má fọwọ́ kan inú mítà fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín «tún un ṣe» lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀mí lè bá a lọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sì wà nínú rẹ̀.

Èkejì: ẹ ra ìwé kékeré kan. Láago 7 àárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sínú rẹ̀. Lọ́la, láago 7, ẹ tún kọ ọ́. Ẹ yọ ti àná kúrò nínú tòní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: «mo fọṣọ», «àwọn ọmọ wá», «ooru mú gan-an». Tó bá jẹ́ mítà tí ẹ ń fi káàdì ra iná sí ni, nọ́ńbà yẹn á máa wálẹ̀ ni dípò kó máa gòkè, ìṣirò kan náà ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ti mọ ilé yín dénú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Omi gbígbóná

Níbi tó pọ̀ jù lọ, ibí ni ẹ ti máa rí owó tí ẹ ń wá.

Láti mú lítà omi kan láti orí ìwọ̀n 20 (Celsius ni gbogbo ìwọ̀n tí mo bá dá níhìn-ín) dé ibi tó ti ń hó, ó ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ wo bí a ti ń ṣe é: a á bu omi kún kẹ́tùlù dẹ́nu, a á mu ife kan, ìyókù á tutù. Lọ́sàn-án, a tún gbé e kaná. Ẹ fi ife tí ẹ fẹ́ mu gan-an wọn omi náà. Bí ẹ bá ń mu nǹkan gbígbóná tó ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kí ẹ dà á sínú fíláàsì.

Ti omi ìwẹ̀ ló wá tóbi. Ẹ̀rọ amómigbóná tó gba lítà 80, láti mú omi inú rẹ̀ láti 20 dé 60, ó ń jẹ ju yúníìtì 3 àtààbọ̀ lọ. Bó bá wá wà ní títàn tọ̀sán tòru, bí omi náà ti ń tutù ló ń tún un mú gbóná, ẹni kankan ò sì fọwọ́ kàn án. Ẹni kan ṣoṣo tó ń fi garawa wẹ̀ ò nílò ju bíi lítà 15 omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin yúníìtì ló sì máa gbà. Nítorí náà:

Tó bá jẹ́ pé ẹ kò pọ̀ nínú ilé mọ́, ẹ máa fi kẹ́tùlù se omi díẹ̀, kí ẹ fi la omi tútù. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú garawa, kí ẹ tó da èyí tó gbóná lé e. Awọ ara àgbà fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ jóná.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ onítáǹkì lẹ ní, ẹ tan án ní ìwọ̀nba àsìkò tí omi rẹ̀ fi ń gbóná dáadáa ṣáájú ìwẹ̀, kí ẹ sì pa á. Ẹ má wá torí owó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kòkòrò àrùn Legionella fẹ́ràn omi tí kò gbóná tí kò tutù, ó sì máa ń bá àgbàlagbà jà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún 1976 ni ayé kọ́kọ́ gbọ́ nípa àrùn náà, nígbà tó kọ lu àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó péjọ fún àpérò ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí omi inú táǹkì dé 60 nígbàkigbà tí ẹ bá tan án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti irin oníná bọ inú garawa omi, mo bẹ̀ yín: ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan omi náà rárá. Súìsì pípa nìkan ò tó.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, omi tútù ni kí ẹ máa fi fọṣọ tí kò dọ̀tí púpọ̀. Èyí tó pọ̀ nínú iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ, omi ló fi ń mú gbóná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fíríìjì, àti fírísà ìgbà tí ilé kún

Ọ̀pọ̀ ilé àgbàlagbà ni fírísà ńlá kan wà tí wọ́n rà nígbà tí ilé kún fún ọmọ àti ẹbí. Àwọn ọmọ ti lọ, fírísà ṣì ń kùn lọ́tọ̀ọ́lọ́tọ̀, ẹ ṣí i, omi dídì ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti pa á. Ohun tó rán wa létí ìgbà tí ilé ń dún ni. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá lè gba inú fíríìjì kejì, ẹ kó o jọ síbẹ̀, ẹ pa èyí tó ṣófo, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi nǹkan ha ilẹ̀kùn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ ibẹ̀.

Èyí tó kù, ẹ má máa pa á lálẹ́ kí ẹ tún máa tan án láàárọ̀. Ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè lóru, á fi òwúrọ̀ gbà á padà kó tó lè tutù, oúnjẹ inú rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí oògùn bá wà níbẹ̀, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, tí ẹ kò tíì ṣí, ìwọ̀n 2 sí 8 ló yẹ kó máa wà nígbà gbogbo.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n 4, fírísà ní 18 sábẹ́ òdo. Ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára ògiri díẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè ríbi jáde, ẹ má sì gbé e sítòsí ààrò tàbí ojú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ bébà kan, kí ẹ fa bébà náà: bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ti dẹ̀, òtútù ń jò jáde, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí yìnyín bá ti nípọn lára ògiri inú rẹ̀, ẹ pa á kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ooru àti òtútù

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ibí ni àwọn àgbà ti ń fi ara wọn wéwu nítorí àtifowó pamọ́. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ara kì í tètè mọ̀ pé òun ti tutù jù tàbí pé òun ti gbóná jù, òùngbẹ pàápàá kì í gbẹ ènìyàn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ má fi bí ara bá ṣe ṣe yín nìkan ṣe òdiwọ̀n. Ẹ ra ohun tó ń wọn ooru yàrá, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí ojú yín á ti máa bà á.

Fún àsìkò òtútù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 pé kí inú ilé má lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 18 lọ, àti pé àgbàlagbà tàbí aláìsàn lè nílò kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò di dandan kí gbogbo ilé gbóná. Ẹ yan yàrá kan tí ẹ ń jókòó sí, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ká aṣọ àtijọ́ sí abẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ẹ fa kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé kó tó ṣú. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra wọn dípò kan ṣoṣo tó wúwo, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ dé fìlà tàbí kí ẹ wé gèlè.

Lẹ́yìn náà, ara ni kí ẹ mú gbóná, kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkè àjà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná tó ń jẹ wáàtì 100 lè wà lára yín fún wákàtí 20 kó tó jẹ ohun tí hítà wáàtì 2000 tó ń mú yàrá gbóná máa jẹ ní wákàtí kan. Rọ́bà omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé, tí ẹ gbé sítan, kò gbà ju iná tó se omi inú rẹ̀ lọ.

Fún àsìkò ooru, ẹ ti fèrèsé àti kọ́tìnì ibi tí oòrùn ń ràn sí lọ́sàn-án, kí ẹ ṣí wọn nígbà tí ilẹ̀ bá tutù lálẹ́. Fáànù àjà sábà máa ń jẹ wáàtì 50 sí 80. Amúlétutù kékeré lè jẹ 700 sí 1000 nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ máa pa fáànù nítorí owó nígbà tí ooru bá ń mú yín, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń jẹ. Bí ẹ bá ní amúlétutù, ẹ gbé e sí 26 kí fáànù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ káàkiri. Gbígbé e sí 16 kì í mú yàrá tètè tutù, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi. Àwọ̀n inú rẹ̀ tó ń gba eruku, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọọmọ máa bá yín fọ̀ ọ́. Ẹ má gun àga.

Ìkìlọ̀ kan: bí inú yàrá bá gbóná ju ìwọ̀n 40 lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má gbẹ́kẹ̀ lé fáànù mọ́, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná ló máa máa fẹ́ sí wa lára. Omi ni kí ẹ fi wọ́n ara, ẹ fi aṣọ tútù lé ọrùn, ẹ máa mu omi bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ yín, kí ẹ sì lọ síbi tó tutù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìdáná

Ẹ máa dé ìkòkò. Ẹ rẹ ohun tó máa ń pẹ́ kó tó jinná sínú omi láti alẹ́. Ìkòkò tó ń dé pinpin tí ooru omi kì í jáde níbẹ̀ lè dín àsìkò ìdáná kù gan-an, torí omi inú rẹ̀ ń gbóná ju ibi tí omi ti ń hó lọ. Bó bá ku díẹ̀ kó jinná lórí ẹ̀rọ oníná, ẹ pa á, ooru tó kù lára irin rẹ̀ á parí iṣẹ́. Ẹ se tọjọ́ méjì pọ̀, kí ẹ sì tètè gbé èyí tó kù sínú fíríìjì, kó má ju wákàtí méjì lọ níta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo gáàsì, ọwọ́ iná aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ máa rí. Bó bá ti pọ́n tó sì ń fi èéfín dúdú sídìí ìkòkò, gáàsì ń ṣòfò, èéfín rẹ̀ sì léwu. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: Gílóòbù àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́

Ẹ pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ sí LED. Èyí tó jẹ́ wáàtì 8 tàbí 9 ń mọ́lẹ̀ bíi wáàtì 60 ti àtijọ́, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Àwọn mẹ́ta tó ṣe LED aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ kí iná funfun yìí ṣeé ṣe, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014, ó sì tọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan iná yín. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù ọ̀nà balùwẹ̀ máa tàn mọ́jú. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì péré ló ń jẹ lóru ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ tó fi òkùnkùn kọ nǹkan sì lè sọ àgbà di ẹni orí ibùsùn. Lágbàáyé, àwọn tó ti lé ní ọdún 60 ni ìṣubú ń pa jù.

Dìkódà tẹlifíṣọ̀n wà lára àwọn tí ń jẹun níkọ̀kọ̀. Èyí tó bá ń jẹ wáàtì 10 tọ̀sán tòru á jẹ yúníìtì 7 lóṣù, yálà ẹ wo nǹkan tàbí ẹ ò wò ó. Ẹ máa pa á lára ògiri lálẹ́.

Àwọn kan tún ń polówó àpótí kékeré kan tí wọ́n ní kí ẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, pé owó iná á dín sí ìdajì. Ẹ má rà á. Mítà ilé wa, yúníìtì ló ń kà, àpótí náà ò sì dín yúníìtì kankan kù.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe láti fowó pamọ́

Ẹ má pa ẹ̀rọ tí dókítà ní kí ẹ máa lò, bí ẹ̀rọ tó ń fún ni ní afẹ́fẹ́ oxygen. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nílé, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ètò fún irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pa iná.

Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá nítorí òtútù, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sẹ́bàá fèrèsé. Gáàsì carbon monoxide tó ń ti ara wọn jáde kò lóòórùn, kò láwọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lọ kì í mọ̀ pé òun ń kú lọ. Ẹ má fi àbẹ́là tó ń jó sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bíìlì àti gbèsè

Ẹ má kàn wo iye owó tó wà nísàlẹ̀ bíìlì. Ẹ wo nọ́ńbà mítà tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ka mítà yín ni tàbí wọ́n fojú dá a. Bí wọ́n bá fojú dá a, ẹ ya fọ́tò ojú mítà, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú ìwé kékeré yín. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí bíìlì bá dé, ẹ gba ìwé pé wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ yín. Àgbà tó ní àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ 10 lọ́wọ́, wọn kì í lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn bọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ṣé ẹ̀dínwó wà fún àgbàlagbà tàbí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì? Ṣé owó iná òru yàtọ̀ sí ti ọ̀sán? Ṣé ẹ lè máa san iye kan náà lóṣooṣù, kí oṣù tí iná pọ̀ má bàa já lù yín? Ọ̀pọ̀ àǹfààní ló wà tí wọn kì í polówó rẹ̀, ẹni tó bá bèèrè ló ń rí i gbà.

Bí gbèsè bá ti wọlé, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín. Ẹ sọ iye tí owó ìfẹ̀yìntì yín lè gbé lóṣù, ẹ má ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìtìjú. Kí ẹ gbà á sílẹ̀ lákọsílẹ̀. Ẹ má yá owó eléèlé láti fi san owó iná.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí fóònù pé òun fẹ́ dá owó iná padà fún yín, tó wá ń bèèrè nọ́ńbà àṣírí báǹkì, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn pé òun wá wo mítà, kí ó dúró síta títí ẹ ó fi pe ọ́fíìsì wọn, nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí òun bá fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ sọ fún àwọn ọmọ

Ìyá mi kò sọ fún mi. Ká ní n kò yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò ní mọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ di ẹrù lé wa lórí. Ẹ̀yin òbí wa, ẹrù tó wúwo ju bíìlì lọ ni ká bá yín nínú òkùnkùn. Ẹ sọ ọ́ láìpẹ́, ẹ sọ iye rẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè ra gílóòbù ra gílóòbù, kí ẹni tó lè gun àga bá yín gun àga, kí ẹni tó mọ̀wé bá yín kọ lẹ́tà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ. Nígbà míì tí ẹ bá dé ilé, ẹ wo inú balùwẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì, ẹ jókòó ti mítà pẹ̀lú wọn fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn lẹ́bùn, ohun èlò tí kì í jẹ iná púpọ̀ sàn ju èyí tó tóbi tó ń dán lọ. Ẹ ka àkọlé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí àwọn ni yóò máa sanwó iná rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Ìwé kékeré ìyá mi ṣì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú wọn. Láago 7 àárọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́, wọ́n á pè mí lórí fóònù, wọ́n á ka nọ́ńbà náà fún mi kí wọ́n tó kí mi. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ ti ṣú, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ wọn láti ojú títì.